Wáyà Tí Kò Kan Ilẹ̀ Mọ́

Èmi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá létí mi, tèmi ni. Bí mo ṣe gbọ́ èyí lẹ́nu Àlàájà kan àti oníṣẹ́ iná rẹ̀ nìyí, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan iná ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Àlàájà, ẹ gbé àpótí iná yẹn kalẹ̀. Èyí tó wà nílé yín ṣì dáa. Irin gígùn tí a máa rì mọ́lẹ̀ lẹ máa rà."

"Ó dáa báwo? Ìyàwó ọmọ mi fọwọ́ kàn án láàárọ̀, iná mú un, tòun ti oyún. Ọkọ mi sì ti so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ páìpù omi kí wọ́n tó kú."

"Páìpù irin nìyẹn, Mà. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó ti dípẹtà. Mo fi ti rọ́bà pààrọ̀ rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé."

Oníṣẹ́ iná pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀. Rọ́bà kì í gbé iná lọ sínú ilẹ̀ bí irin. Àtìgbà yẹn ni ilẹ̀ ò ti mọ̀ pé iná wà nílé yín."

Ilẹ̀ ò mọ̀.

"Irin ọ̀hún dà?" Àlàájà ti dìde. "Ẹ̀yìnkùlé ni kó o rì í sí, níbi tí omi àlùwàlá wa ń ṣàn lọ. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni omi ń dà sí ilẹ̀ ibẹ̀. Kò gbẹ rí."

"Òótọ́ ni, ilẹ̀ tútù ló ń gba iná jù. Àlàájà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Jẹ́ ká máa lọ. Ìyàwó ti fẹ́ dáná alẹ́, kó má tún lọ fọwọ́ kan àpótí yẹn."