Ìdì Olówùú Pupa

Ní ayé àtijọ́, kí bébà tó di ohun tí à ń fi di àkàrà, bàbá ńlá wa Ọdẹ́yalé ti fi di ikú. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ohùn mi kò ròkè mọ́.

Ogun dó ti ìlú wa. Ọ̀tá ní ìbọn, àwa náà ní. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn ìgbà náà? Wọ́n á wọn ẹ̀tù, wọ́n á rọ ọ́ sí ẹnu ìbọn, wọ́n á wá ọta, wọ́n á fi ọ̀pá gún un. Kí wọ́n tó ṣe é tán, ọ̀tá ti gun odi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kú. Ojoojúmọ́ là ń kú.

Ọdẹ́yalé wá mú bébà tí àwọn oníṣòwò fi di aṣọ wá láti etí òkun. Ó gé e, ó ká a, ó di ẹ̀tù àti ọta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ogun bá dé, o kàn máa fi eyín fà á ya, o dà á sínú ìbọn, o gún un, o yìn ín.

Àbúrò rẹ̀, Akínkúnmi, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀kọ lẹ tún ń dì ni? Ẹ bá mi fi ẹran sí tèmi."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ìbọn rẹ ti gbó, irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Òwú funfun ni mo fi so tìrẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀ kò pọ̀. Tèmi ni olówùú pupa, ìlọ́po méjì ni. Má fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ó gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀tá ya bo ẹnubodè. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ṣì ń sá lọ sínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ọta ba Ọdẹ́yalé léjìká, ìbọn rẹ̀ já bọ́ sí òdìkejì odi, sáàárín ọ̀tá.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi tán!"

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ló kù lápò yín?"

"Pupa ni."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹ jù ú sí mi."

Ọdẹ́yalé gbọ́ igbe àwọn ọmọdé. Ó jù ú.

Akínkúnmi fi eyín fà á ya. Ó dà á, ó gún un. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ tilẹ̀ gbàgbé ẹran inú rẹ̀." Ó yìn ín.

Olórí ogun wọn ṣubú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sá. Ṣùgbọ́n ìbọn náà bẹ́ mọ́ Akínkúnmi lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n fi oyè lọ Ọdẹ́yalé, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibojì àbúrò rẹ̀ ló kọ́ ilé wa yìí sí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi òwú pupa so ohunkóhun níbí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbé ìdì wá fúnni fi gbọ́dọ̀ tú u lójú ẹni tó fẹ́ gbà á.

Morẹ́nikẹ́, àkàrà tó o gbé wá dà? Tú u.

"Ṣé ẹ rí i, bàbá?"

Mo rí i, ọmọ mi. Akínkúnmi náà mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀, kó tó gbà á.