Àgbàlagbà Ni Ọ̀rẹ́ Mi Kí, Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ Di Abọ̀rìṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ní Sátidé tó kọjá gbọ̀n mí jìgìjìgì.

Èmi kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ o. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ní Houston níbí, mo ní ọkọ̀ mẹ́ta tó ń wọ́ mọ́tò tó bá bàjẹ́ lórí títì freeway, ilé mi sì wà ní The Woodlands, àdúgbò àwọn olówó. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń bá mi ṣiṣẹ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Tóyìn. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, alàgbà sì ni níbẹ̀. Nígbà náà, òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Bàbá Ìjọ. Ó dùn mí wọra. Ta ló ra ẹ̀rọ tó ń mú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tutù? Èmi ni.

Ọ̀rẹ́ wa kẹta, Ẹnjiníà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Clear Lake ní Houston níbí, lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Japan. Ó ní ká wá ṣeré, àwa méjèèjì sì lọ. Ó mú wa lọ sí tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan lórí òkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò lópin. Ẹnjiníà jókòó sí ìdajì ọ̀nà, ó ní, “Ẹ máa lọ. Tí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí wọn.”

Lókè, bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ bu tíì fún wa. Ọwọ́ bàbá náà ń gbọ̀n. Bàbá Tóyìn ní, “Ẹni tó tó bí mi ló ń gbé tíì fún mi?” Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúpẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, òun náà tẹríba.

Ère ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn. Bó ṣe wà ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, mo ya fọ́tò. Nígbà tá a padà dé Houston, mo gé bàbá arúgbó náà kúrò níbẹ̀, ó wá ku Bàbá Tóyìn nílẹ̀ níwájú ère. Mo fi nọ́ńbà tẹ́nì kan ò mọ̀ fi í ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa.

Wọ́n pe Bàbá Tóyìn síwájú àwọn alàgbà. Ó ṣàlàyé, ó ní kí wọ́n bi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. Mo ní, “Mo kẹ̀yìn síbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan.”

Wọ́n yọ ọ́ nípò alàgbà. Wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó abọ̀rìṣà títí obìnrin náà ò fi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá tí mo wí yẹn, pásítọ̀ pè mí. Wọ́n ní èmi ni wọ́n máa fi jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, pé Bàbá Tóyìn ló dìde nípàdé ìjọ tó dárúkọ mi. Mo wakọ̀ lọ sí apartment rẹ̀ ní àdúgbò Greenspoint, mo bi í pé kí ló dé.

Ó ń lọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Kò wo ojú mi. “Àwa méjì péré la wà lókè yẹn,” ló wí. “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?”

Ọdún méjì. Ó ń kí mi, ó ń bá mi jẹun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Mo ní kí ló wá dé tó fi dárúkọ mi. Ó ní, “Kí o lè dúró síwájú wọn. Ohun tó o máa sọ níbẹ̀, ọwọ́ ẹ ló wà.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Tí mo bá sọ ọ́, ojú àwọn ọmọ mi ni mo ti máa tẹ́. Tí mo bá kọ oyè náà tí mo dákẹ́, ìyàwó Bàbá Tóyìn ò ní padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láéláé. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Kí ni kí n ṣe?