Okùn Pupa Abẹ́ Kọ́là

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò yẹgi fún mi. Ẹ má tíì bá mi sunkún o. Ohun tó ń dùn mí jù níhìn-ín ni ṣòkòtò wọ́dà tó ń ṣọ́ mi: ó rún bí aṣọ tí ewúrẹ́ sùn lé, wọn ò sì jẹ́ fún mi ní áyọ́ọ̀nù. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A kì í kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ; okùn pupa la fi ń rán àmì sí abẹ́ kọ́là, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Mo mọ abẹ́rẹ́ í lò, mo sì máa ń fọ́nnu nípa rẹ̀. Nǹkan kékeré ló kọ́kọ́ tàn mí: ṣẹ́ẹ̀tì funfun Wàhídì, akọ̀wé kan ní Ọjà Balógun. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ni mo bá sọ ọ́ dàṣà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Wàhídì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kejì, tí èmi náà rán àmì sí, yà sí ìsọ̀ mi, ó sì bá ti àkọ́kọ́ lọ́rùn mi.

"Alágbàfọ̀, ṣé aṣọ mi kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ń wò ó bóyá ó ti gbẹ ni."

"Lára rẹ lo ti ń wò ó? Gbogbo Balógun ló máa gbọ́ lọ́la!"

Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi gbá a lórí, kò sì dìde mọ́. Mo bọ́ aago àti òrùka rẹ̀ kí wọ́n má baà dá a mọ̀, mo gbé òkú rẹ̀ sínú àpò aṣọ, mo fi ọmọlanke tì í lọ sétí ọ̀sà, mo sì dà á sómi. Ta ni yóò bi alágbàfọ̀ léèrè ẹrù rẹ̀? Ẹ̀rín ni mo fi ń ròyìn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín rí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀sà gbé e jáde. Omi ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Dókítà ìjọba ní ohun onímú ṣóńṣó ló fọ́ agbárí rẹ̀, kì í ṣe òkúta. Wọ́n ti fẹ́ sin ín láìlórúkọ nígbà tí sájẹ́ǹtì kan rí okùn pupa lábẹ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gé kọ́là náà, ó ń gbé e kiri ìsọ̀ àwa alágbàfọ̀ títí ó fi kàn mí.

"Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ alágbàfọ̀ Òkè Àrin ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ti Òkè Àrin kẹ̀? Èyí tí kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú? Sájẹ́ǹtì, ẹ wo bó ṣe dọ́gba! Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn!"

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ta wá ló ni ṣẹ́ẹ̀tì?"

Ojú rẹ̀ ti wà lára imú áyọ́ọ̀nù mi. Wọ́n tú àpò èédú, wọ́n bá aago àti òrùka níbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kó o bá ọrùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Wàhídì wá wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí èpè. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé àwọn mọ òkú ọmọ àwọn, pé àwọn sì rí i kírun sí lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní:

"Àìmọye aṣọ ni Wàhídì ti fi tọrẹ. Ká ní o béèrè ni, á fún ọ."

Ọjọ́ náà ni mo tó sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èkó, bí ohun ẹlòmíràn bá wù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè.