Ta Ni Yóò Dúró De Pẹ́pẹ́yẹ Òkun?

Alága wa, Pásítọ̀ Oddmund. Ẹ̀yin àgbà erékùṣù yìí. Ẹ̀yin àlejò tí ìgbì ti gbọ̀n jìgìjìgì kí ẹ tó gúnlẹ̀. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Torborg, olùtọ́jú ẹyẹ yín, ni mo dìde yìí láti dágbére fún yín, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó.

Òkun tó dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà òtútù, ṣebí òun náà ní í máa tàn yanran bí yìnyín bá ti yọ́? Koríko á yọrí lẹ́bàá àpáta, pẹ́pẹ́yẹ òkun á sì rìn wọlé bí onílé, sínú ilé kéékèèké tí a fi òkúta kọ́ fún wọn. Ó parí nìyẹn. Kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n, kò sí ajá, kò sí òòlù, kò sí aṣọ sísá lórí okùn, títí wọn yóò fi kó ọmọ wọn wọ omi, tí wọn yóò sì fi ìyẹ́ rírọ̀ tí a fi ń ṣe ìbora sílẹ̀ fún wa. Hilmar ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, sín lẹ́ẹ̀kan, ẹyẹ fò lọ. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa, tí kì í wọ̀ tọ̀sán-tòru, fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀!

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ nítorí mi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo ṣubú, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn lódìkejì omi. Mo sunkún, kì í ṣe torí egungun tó ṣẹ́. Bí pẹ́pẹ́yẹ ò bá rí ẹni tó mọ̀, á kọ ẹyin sílẹ̀, ó lè má padà mọ́ láéláé. Ta ló wá yọ̀ǹda ara rẹ̀? Arnljot! Arnljot tó jẹ́ pé bó bá kí ọ káàárọ̀, ará erékùṣù kejì ni yóò dáhùn! Ẹ wò ó, ojú ti ń tì í.

Mo ní, “Arnljot, ṣé o lè panu mọ́?”

Ó ní, “Màmá, ṣebí èmi náà ti gbéyàwó? Ó ti mọ́ mi lára.”

Nígbà tí mo padà dé, mo bá gìrìpá onírùngbọ̀n nínú ògbólógbòó ẹ̀wù tí mo máa ń wọ̀ tọ àwọn ẹyẹ lọ, ìborùn mi lórí rẹ̀, ó ń yọ́ rìn bí olè. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìyá pẹ́pẹ́yẹ kan, ẹyẹ náà ò mira. Èmi náà sún mọ́ ẹyẹ náà nínú aṣọ tuntun tí mo wọ̀ bọ̀ láti ìlú. Ó fò lọ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí dé egungun. Ẹ̀wù ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ Torborg! Àfi bí mo ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí ara mi fúyẹ́. Wọ́n ti lẹ́ni tí yóò dúró dè wọ́n. Mo lè máa lọ.

Kí òkun má gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Kí ìgbà òtútù máa fi yín sílẹ̀ láyọ̀, kí ẹyẹ tó bá dé sì máa bá èéfín iná ìdáná lórí òrùlé yín. Arnljot, ẹ̀wù di tìrẹ. Jọ̀ọ́, má fọ̀ ọ́.

Ẹ ṣé o, ará ilé mi.