Àlejò Tí Mo Ṣì Lọ́nà ní Alfama

Ẹ̀yin ará kọ́lọ́fín wa, dókítà ti sọ pé n kò ní bá yín yan ẹja sàdíìnì níbi ọdún àdúgbò wa lóṣù kẹfà tó ń bọ̀. Kí n tó lọ, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi Deolinda tí ẹ ń pè ní ènìyàn rere, ìkà ni mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ rántí bí àwọn onílé ṣe ń lé wa jáde ní Alfama, àdúgbò wa ní Lisbon yìí, kí wọ́n lè fi yàrá wa gba àlejò tó wá ṣe afẹ́. Inú ń bí mi. Àlejò yòówù tó bá bi mí léèrè ọ̀nà, òdìkejì ibi tó ń lọ ni mo máa ń júwe fún un. Èmi àti Hermínia tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi la yọ àkọlé orúkọ kọ́lọ́fín wa kúrò lára ògiri. Hermínia a máa yọjú lójú fèrèsé, a ní kí n jẹ́ kí èyí tó sanra yẹn gun òkè dáadáa, kó lè fọn. A ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ tí Idalina aládùúgbò wa ń kú lọ, èmi ni mo jókòó tì í. Ó ní, “Deolinda, bá mi wo ìta. Armindo ní òun ń bọ̀ lónìí.” Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, tí bàbá rẹ̀ gbé lọ sí Faransé nígbà tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Mo jáde. Ọkùnrin kan ń fa àpótí oníkẹ̀kẹ́ bọ̀, ó ti laagun, èdè wa wúwo lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Kọ́lọ́fín Kànga? Mo ń kánjú ni.”

Inú rẹ̀ gan-an la dúró sí. Àmọ́ àpótí nìkan ni mo rí, n ò rí ènìyàn. Mo ní, “Máa gòkè lọ, ọmọ mi. Tó o bá dé ilé olódi, yà sósì.” Ó súre fún mi. Mo wọlé, mo sọ fún Idalina pé kò sẹ́nìkan níta, àfi àwọn àlejò.

Ó dákẹ́ ní aago mẹ́rin. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi kanlẹ̀kùn. Ó wo ibùsùn, ó wojú mi, ó sì dá mi mọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. N ò gbọ́ èdè yín dáadáa, èmi ni mo ṣi ohun tẹ́ ẹ sọ gbọ́.” Mo ní kò burú, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo jẹ́ kó gbé ẹ̀bi náà lọ sí Faransé bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ bá mi kọ̀wé sí Armindo. N kò lẹ́nu àti bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo purọ́.