Àwẹ̀ró, Ẹni Tó La Ọ̀nà Yíká

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì jókòó ti ẹ̀yìnkùlé wa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ, ìyá kan wà ní abúlé yìí tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀nà tí ẹ ó rìn láàárọ̀ ọ̀la, tí ẹ ń sọ pé kò le, pé arúgbó lè rìn ín yíká kí ẹ̀wà tó jinná, ọwọ́ Àwẹ̀ró ló là á.

Nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ inú igbó. Ibi tí ènìyàn gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Nǹkan kan sì wà nínú igbó ọ̀hún. Atẹ̀lé ni wọ́n ń pè é, nítorí títẹ̀lé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá ń lọ, o ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Bí o bá dúró, á dúró. Bí o bá wá gba ojú ẹsẹ̀ ara rẹ padà wálé, o ti fi ilé hàn án nìyẹn. Láìpẹ́, ẹnìkan nínú ilé yóò dìde lórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́, yóò kọjú sí igbó bíi pé wọ́n ń pè é. Bó bá ti lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Báyìí ni Ọdẹ́gbàmí, ọkọ Àwẹ̀ró, ṣe lọ. Apẹ̀rẹ̀ ló ń hun lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ náà kò ní ìdí títí ó fi jẹrà.

Àwẹ̀ró sunkún, ó sunkún, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bá Àyọ̀ká, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ kọjú sí igbó, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyá bi í pé ta ló ń wò.

Ọmọ ní, "Bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

Omijé gbẹ lójú Àwẹ̀ró. Ó fi ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ so ó mọ́ òpó ilé, ó jókòó tì í, ó ń ronú. Ewúrẹ́ kan wà nínú àgbàlá tí wọ́n so mọ́ èèkàn, ó ń yí èèkàn ká, ó ń yí èèkàn ká. Ewúrẹ́ tó ń yí èèkàn ká, ẹ̀yin ọmọ mi, ó lè rò pé òun ń rìnrìn àjò. Àwẹ̀ró bá ní, ohun tó jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀lé, bí ojú ẹsẹ̀ náà kò bá lópin ńkọ́?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá ọkọ rẹ̀ lọ, pé òun fẹ́ la ọ̀nà yíká nínú igbó, kí Atẹ̀lé máa rìn ín láìdé ilé. Ìyá àgbà ní igbó ṣú, oòrùn kò kan ilẹ̀ níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ń yípo, pé òun kò lọ tààrà síbi tí wọn kì í ti í bọ̀?

"Ìyá mi, ẹ bá mi gún odó. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ ní etí òsì, mi ò tíì sọnù."

"Kí ni n ó kó sínú odó?"

"Ẹ má kó nǹkan kan sí i. Òfìfo ló ń dún jìnnà."

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó, a kì í gún odó òfìfo. Ẹni tí a kò pè ló ń jẹ́ ẹ."

"Ẹni tí a kò pè ti ń jẹ́ tipẹ́, ìyá mi. Ẹ ṣáà máa gún un."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró mú àdá, ó fi ọwọ̀ há abíyá, ó wọgbó. Gbì. Gbì. Gbì. Odó ń dún létí òsì. Bí ìró bá fẹ́ pòórá, á ya sí òsì díẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á ya sí ọ̀tún. Ó ń ṣán igbó, ó ń gé ìtàkùn, ó ń fi àdá ṣá èèpo igi lámì. Ẹsẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ẹni tó ń ṣán igbó, iwájú ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Ó dé ìkángun igbó lọ́hùn-ún, níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké, ni ó bá gbọ́ gbì ní etí ọ̀tún.

Odó di méjì. Ìró kan náà, igi kan náà. Bó bá tẹ̀lé èyí tí kì í ṣe tiwọn, ó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ nìyẹn, Àyọ̀ká yóò sì tú ọ̀já tẹ̀lé wọn. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ náà dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, kí lẹ bá ṣe? Ẹ rọra. Àwẹ̀ró ti bá ìyá yẹn gún odó láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, pé bó bá gún un díẹ̀, á fara ti ọmọ odó, á mí kanlẹ̀, kó tó tún gún un. Odó ọ̀tún ń dún lọ ní tirẹ̀, gbì gbì gbì, kò le sí i, kò dẹ̀ sí i. Ti òsì dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Èémí tutù kan fẹ́ sí Àwẹ̀ró lọ́rùn. Kò mira. Nígbà tó yá, odó òsì tún dún, ẹ̀ẹ̀kan, láìlágbára.

Ẹni tó bá ń gún odó tí kì í mí, kì í ṣe ènìyàn. Àwẹ̀ró gbé àdá, ó ya sí òsì.

Bó ṣe ń ṣán an lọ nìyẹn títí ó fi kan igi tó kọ́kọ́ ṣá lámì nítòsí ilé. Ọ̀nà gbé ìrù rẹ̀ mì. Ó wá ku ojú ẹsẹ̀ tó ti ẹnu ọ̀nà igbó wá sílé. Ó ní láti gbá a, ẹni tó bá sì fẹ́ gbá ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àfi kó fẹ̀yìn rìn, kó kọjú sí igbó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ̀, ó ń gbá a. Ẹsẹ̀ méjì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó. Ó mọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tí ọkọ́ gé ní etí yẹn. Òun ló di ojú egbò náà fún ọkọ rẹ̀ nígbà náà.

"Ìyá Àyọ̀ká, ibo ni ọ̀nà ilé?"

Ọwọ̀ dúró. Bó bá nawọ́ báyìí, ọkọ rẹ̀ á wálé. Ohun tó ń bá a rìn náà á wálé. Òpó tí ọmọ rẹ̀ wà kò jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Àyọ̀ká." Ó sì gbá ojú ẹsẹ̀ tó kù.

Ẹsẹ̀ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó yí padà. Ó gba ọ̀nà yíká lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àyọ̀ká kò wo igbó. Ó ní ebi ń pa òun. Ìyá àgbà fi ọmọ odó sílẹ̀, ó bi ìyàwó bóyá ó rí ọmọ òun. Àwẹ̀ró ní, "Mo rí wọn, ìyá mi. Wọ́n ń rìn ni."

Òun ló fà á tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ agúnfìfo. Òun ló fà á tí obìnrin ilé wa kì í gúnyán láìsinmi, ì báà jẹ́ pé ebi fẹ́ pa àlejò kú. Lọ́la, bí ìyàwó àgbà bá ti ń gún odó, etí òsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, kí ẹni tó bá kẹ́yìn sì gbá ojú ẹsẹ̀ wálé. Àwẹ̀ró rin ọ̀nà náà títí ó fi darúgbó, ẹsẹ̀ ẹnìkan ló sì ń gbọ́ lẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ẹsẹ̀ ẹni méjì là ń gbọ́. Bí wọ́n bá bi yín ní ọ̀nà ilé, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ má sì nawọ́. Ẹ kí wọn pé ẹ kú ìrìn, kí ẹ máa bọ̀.