Agolo Tí Kò Dún Lẹ́yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Arúgbó ni mí, apá Ìkòsì ni mò ń gbé. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, Bíbélì ló kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Èmi ni mo fọ́ ojú ìyàwó ilé tó kángun sí tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n sì ń pè ní àjẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti dákẹ́. Bóyá ǹ bá dákẹ́ wọ sàréè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń múra láti lọ bá a ní abúlé lẹ́yìn Iléyá yìí, pé kó wá pọ ohun tó fi sórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé kò ní nǹkan tó máa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà.

Ọdẹ igbó ni ọkọ mi tó ti dolóògbé, kí a tó kó wá sí Èkó. Mo ti bá a nu ìbọn, mo ti bá a sá ẹ̀tù sóòrùn. Bí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìbọn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, “Wo ẹ̀yìn ẹran kí o tó wo ẹran.” Mo gbọ́ ọ títí ó fi kú.

Délé ọmọ mi ló mú nǹkan yẹn bọ̀ láti òkè òkun nígbà tó wá lo ìsinmi. Ìbọn ìléwọ́ ni, dúdú, ó jọ èyí tí a ń gbọ́ pé àwọn adigunjalè ń gbé kiri nígbà yẹn. Ó ní ìbọn eré ni, gáàsì ló ń ti ọta jáde, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń fi yin agolo lọ́hùn-ún.

“Mọ́mì, ìyàwó ọdẹ, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó jọ ti gidi?”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tutù, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo gbóòrùn ẹnu rẹ̀, kò rùn. Délé ti agolo gáàsì kan tí kò ju ìka lọ bọ ìdí rẹ̀, ó sì da ọta sí i. Ọta náà rí roboto, ó ń dán, bí kóró ìbẹ́pẹ ló ṣe mọ. Ó yìn ín fún agolo mílíìkì. Ìbọn yẹn kàn ṣe pẹ́ẹ̀. Agolo dún kẹ́ń.

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Èéfín dà? Ìbọn tó ń wúkọ́ rèé! Lọ wá àgbo fún un.”

“Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Níbi tí a ti ń yìn ín, gíláàsì la fi ń bo ojú.”

“Gíláàsì kẹ̀? Ojú òyìnbó ló rọ̀.”

Ó yìn ín fún páálí, ọta wọlé níhìn-ín, ó jáde lọ́hùn-ún. Mo fojú ara mi rí i. Mo ní páálí ṣáà ni. Ṣakabùlà ọkọ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: kò rú èéfín, kò rùn, kò ta ni léjìká, nítorí náà kì í ṣe ìbọn. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe dá ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Páànù ló pààlà ẹ̀yìnkùlé tiwa àti ti ilé kejì. Ìyá Wàídì ló ni ilé náà. Àtìgbà tí a ti jọ dé ibí ni a ti ń ṣọ̀rẹ́, Mùsùlùmí ni, mo máa ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀, ó máa ń jẹ ìrẹsì Kérésì mi. Wàídì ọmọ rẹ̀ àti Bọ̀sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Wàídì àti Bọ̀sẹ̀ jà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ìyá Wàídì na ìka sí Bọ̀sẹ̀ lójú. Ó ní, “Ojú tí o fi ń wò mí yìí, Ọlọ́run ń wò ọ́.” Èmi ni mo là wọ́n. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ò tíì gbẹ, ẹ ti fẹ́ fa okùn já.

Ní ọ̀sán, Délé lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Magodo. Oòrùn mú, gbogbo ilé dákẹ́. Ó wá wù mí kí n dán ìbọn yẹn wò fúnra mi. Mo fi agolo kọ́ páànù, mo dúró sí ìdí ògiri mi. Agolo àkọ́kọ́ dún. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo tún yìn ín.

Agolo kò dún.

Mo dúró, mò ń retí kó dún. Ìgbà náà ni mo gbọ́ “Yéè! Ojú mi!” lẹ́yìn páànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ri ìbọn náà sínú àpò gàrí, lẹ́yìn náà ni mo tó sáré jáde. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ gbá Bọ̀sẹ̀ mú. Ìdí okùn aṣọ ló ti ń yí gbirigbiri. Ó ní nǹkan kan ta òun. Àwọn ará ilé wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. Kò sí òkúta, kò sí agbọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró kankan. Ẹnì kan ní, “Ìka àárọ̀ yẹn ni!”

Gbogbo wa yíjú sí Ìyá Wàídì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń wo ìka náà bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mú ìbọn jáde, ọlọ́pàá á mú Délé, wọ́n á ní olè ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Délé padà sókè òkun láìmú un lọ ńkọ́? Ìtìjú ló kù.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Kí àwọn ẹbí tó lé Ìyá Wàídì kúrò nílé lọ sí abúlé, ó wá bá mi. Ó jókòó sórí àpótí mi, níbi tí mo ti wá gbé ìbọn náà pamọ́ sí. Ó ní, “Ìyá Délé, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé èèyàn lè ṣe irú nǹkan báyìí kó má mọ̀? Ṣé èmi ni?” Mo wò ó lójú, mo ní kó lọ gbàdúrà.

Ọta yẹn dá ihò kan sára páànù tó ti dípẹtà. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ roboto kan máa ń gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé mi. Ilẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gun ògiri níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá jókòó níbẹ̀, á gun orúnkún mi, á dé àyà, á dé ojú. Mo fi ọṣẹ dí i, ọṣẹ jábọ́. Mo fi ọ̀dà dí i, mo tún rí i lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, orí ń fọ́ Bọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn kan sì ya fọ́tò eegun orí rẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà wá fún mi nítorí pé èmi ni àgbà. Ó fi ojú kan ṣoṣo tó kù wò mí. “Mọ́mì, ẹ wo irin tí ìyá ọkọ mi fi sí mi lórí. Ṣé ẹ ti gbà báyìí?” Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo rí i lẹ́yìn ojú rẹ̀, roboto, funfun báláú. Kóró ìbẹ́pẹ. Mo ní, “Mo rí i, ọmọ mi.”

Mo ti wá mú ìbọn náà jáde látinú àpótí, mo fi aṣọ ọdẹ ọkọ mi dì í pẹ̀lú ọta tó ṣẹ́ kù. Mo máa gbé e lọ bá wọn kí wọ́n tó lọ, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pa mí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Bọ̀sẹ̀ tàbí Wàídì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà inú yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n ti Ìyá Wàídì ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe. Wọ́n ní ní abúlé tó wà, ó ti fi aṣọ di ìka yẹn pinpin. Kì í nà án sí ẹnikẹ́ni, kì í fi jẹun, kò jẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ kankan di ọwọ́ náà mú. Ó gbà pé òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ wo ni mo máa sọ tó máa mú kó gbà kí n tú aṣọ yẹn?